Ṣílè Mẹ́rin

Ọjọ́ Ẹtì, oṣù Kejìlá, ní Leeds:
oòrùn ò dúró kí ẹnikẹ́ni kó tó wọ̀.
Aago mẹ́ta ti lù, mo ṣì wà lójú pópó Moortown,
ọbẹ̀ adìẹ nínú àpò kan,
búrẹ́dì méjì tí wọ́n dì bí irun ọmọge nínú èkejì.
Bí ilẹ̀ bá ṣú, Hettie ò ní tan iná mọ́,
kò sì ní pa á.
Ìsinmi ti wọlé nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì,
Ọ̀gá Saffer ò fún mi ní ìwé òfin kà.
Ó ní, "Kan ilẹ̀kùn, kí o dúró.
Ilé wọn ni, kì í ṣe tiwa.
Má pè wọ́n ní aláìní; wọ́n ní orúkọ."
Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá mo ti jẹun.

Mo kan ilẹ̀kùn. Mo dúró.
Mo ń gbọ́ bàtà rẹ̀ tó ń wọ́ bọ̀,
ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko,
òjò ń pa mí, n ò janpata.
Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún
tó fi ogójì ọdún rán bọ́tìnì mọ́ kóòtù olówó,
òwú ò wọ ojú abẹ́rẹ́ fún un mọ́.
"Àsàbí," ó fa orúkọ náà gùn bí rọ́bà,
"o pẹ́."
N ò pẹ́. Mo ní ẹ má bínú, mà.

Kí ó tó tan àbẹ́là, owó ni.
Àpótí onírin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.
Ó ju ogún pẹ́nsì sínú rẹ̀.
"Ṣílè mẹ́rin," ó ní. Ṣílè ló ṣì fi ń ka owó,
bí ìyá ìyá mi ní Ìlá.
"Fún àwọn tí kò ní."

Ta ni kò ní, Hettie?
Àwa là ń san owó gáàsì rẹ.
Ẹnì kan tí o ò ní mọ̀ láéláé ló ra ọbẹ̀ yìí,
òun náà ò ní mọ̀ ọ́;
bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ ẹ.

Mo ti sọ fún Saffer rí:
ẹ jẹ́ ká ní kó dáwọ́ dúró, kó fi ra tíì.
Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́.
"Ọ̀rọ̀ tí à ń pe ìtọrẹ lédè wa,
àánú kọ́ ló túmọ̀ sí. Òdodo ni,
gbèsè tí èèyàn jẹ èèyàn.
Ẹni tó ń gbà pàápàá gbọ́dọ̀ san án.
Bí o bá kọ ṣílè rẹ̀,
ìwọ lo sọ ọ́ di alágbe."

Wọ́n kọ́ mi nílé pé ọwọ́ afúnni ló ń lékè.
N ò jiyàn rẹ̀ rí.
Àmọ́ ọwọ́ tó gba ọbẹ̀ lọ́wọ́ mi
ló tún nà sókè dé ihò àpótí yẹn;
n ò mọ èwo ló wà lókè mọ́.

Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ṣá ìṣáná.
Iná méjì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bojú,
ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lédè tí n ò gbọ́.
Mo mọ àdúrà bí mo bá rí i.

Lẹ́nu ọ̀nà ló ti pè mí padà.
Ó ní ṣé mo gbọ́ ṣílè yẹn,
pé kò dún "kó" mọ́, "pó" ló dún:
àpótí ti kún,
kí n má gbàgbé kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ Ajé.