Ihò Kan Nínú Àwọ̀n

"Bàbá Àgbà, ẹ má mira o."
Endel, bàbá tó bí ìyá mi, jókòó
sórí ọkọ̀ ojú omi tó dojú dé
létí òkun Saaremaa, àwọ̀n lórí itan wọn.
Wọ́n ní àwọn ò ní mira. Imú sì ń yún wọn.

Lẹ́ńsì gígùn ò lè gbé wọn lẹ́ẹ̀kan náà.
Ojú ni mo kọ́kọ́ yà, kí ẹ̀rín tó sá lọ,
fìlà ló tẹ̀ lé e, èjìká, ọwọ́ tí iyọ̀ ti là,
mo wá ń ya òfìfo, lọ́tùn-ún, lósì,
bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà tó dà sílẹ̀,
títí ó fi di ogójì ó dín kan.
Ẹyẹ òkun kan kọjá níbẹ̀;
apá rẹ̀ di mẹ́ta.

Lóru, kọ̀ǹpútà rán gbogbo rẹ̀ pọ̀.
Igi júnípà di èéfín, òkun di wàrà.
Bàbá nìkan ló hàn ketekete,
irùngbọ̀n wọn ṣeé kà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan,
àfi bí ẹni pé ayé sún sẹ́yìn
kí wọ́n lè ráàyè jókòó.

Wọn ò wo ojú ara wọn rárá.
Ojú ìránṣọ ni wọ́n ń wá,
bí wọ́n ti ń wá a lára àwọ̀n láti ọdún mọ́kànléláàádọ́ta.
Ìka wọn rọra rìn lórí gíláàsì
dé igun ìsàlẹ̀ tó dúdú,
ẹyọ kan ṣoṣo tí mo gbàgbé.

"Ẹja á gba ibí jáde," ni wọ́n wí.
Wọ́n wá sín, níkẹyìn.