Iṣin Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ọgbọ̀n ọdún ó lé méjì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní jọ́gíráfì
ní Másífà, nínú kíláàsì tí òrùlé rẹ̀ ń jò.
Tí mo bá na ọ̀pá sí Òkun Kàríbíánì lára máàpù,
orí ọ̀pá a bo Jàmáíkà mọ́lẹ̀ ṣíbáṣíbá.
Mo máa ń ní, "Erékùṣù ni, ó dà bí alábahun tó ń lúwẹ̀ẹ́.
Òkè gíga rẹ̀ wà níhà ìlà-oòrùn.
Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, yóò jáde nínú ìdánwò."
Èmi fúnra mi kò tíì fojú kan òkun nígbà náà.

Báyìí ni mo ṣe máa ń fi ṣọ́ọ̀kì ya ìjì líle:
òbìrípo kan, òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, ó ń yí sápá òsì,
ma wá fi àárín sílẹ̀ lófo.
"Ojú ìjì nìyí. Atẹ́gùn kì í fẹ́ níbẹ̀."
Oyèbísí, ọmọ tèmi, nàró ní ìjókòó kẹta:
"Bàbá... Sà, ta ló wà nínú ojú náà?"
Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó jókòó.

Ó di nọ́ọ̀sì. Ìjọba kó wọn lọ síbẹ̀ fún ọdún méjì.
"Bàbá, ilẹ̀ ibí pupa bíi ti Tákíé!
Ẹ ò ní gbà gbọ́: iṣin ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀,
iṣin ẹ̀yìnkùlé wa, tí a ń dù mọ́ ewúrẹ́ lẹ́nu!
Àkíì ni wọ́n ń pè é. Ẹja oníyọ̀ ni wọ́n fi ń sè é.
Wọ́n ní inú ọkọ̀ ẹrú ló bá dé."
Mi ò mọ̀. Kò sí nínú ìwé tí mo fi kọ́ wọn.
Ó ní wọ́n ń jiyàn lórí rédíò
bóyá kí ọba Gẹ̀ẹ́sì kúrò lórí wọn tàbí kó ṣì wà.
Mo ní, bá mi kí wọn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí,
ọ̀rọ̀ ọba kì í tètè tán.

Lóṣù Ọ̀wàrà ni ìjì wọ̀lú.
Ọjọ́ mẹ́fà, kò sí ìpè.
Iná wa náà ti lọ; ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni mo ti ń gba iná sí fóònù,
mo jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn.
Àbíkẹ́ ń gbálẹ̀ lábẹ́ igi iṣin, ewé kan ò sì já.
Lóru ọjọ́ karùn-ún mo dìde,
mo fi ṣọ́ọ̀kì ya òbìrípo sára ògiri pálọ̀,
mo kọ orúkọ rẹ̀ sí àárín tó ṣófo.

Ohùn rẹ̀ dé lọ́jọ́ keje, ó ti ha:
"Òrùlé ọsibítù ti lọ. Abẹ́ tábìlì la kó àwọn aláìsàn sí.
Igi iṣin Mísì Gílẹ́ńdà ti wó, gbòǹgbò dojú kọ ọ̀run.
Orí rẹ̀ ló jókòó lé, ó ń ṣa èso.
Ó ní bó ti wù kí ebi pa wá tó,
ká má fọwọ́ kan èyí tí kò là, májèlé ni.
Fúnra rẹ̀ ni yóò yanu."

Nígbà tí ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, tiwa náà yanu,
ó pupa, ojú rẹ̀ dúdú ń dán.
A ò rí ẹja oníyọ̀ rà ní Sábó, panla la fi sè é.
Àbíkẹ́ tọ́ ọ wò. "Ó jọ ẹyin. Ẹyin tí kò níyọ̀."
Ibẹ̀ la wà tí Oyèbísí pè:
òun ti fọwọ́ sí ìwé, ó di ọdún méjì sí i,
àtúnkọ́ ọsibítù ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ kò fèsì. Mi ò bi í.
Ọ̀kan ṣì wà lókè igi tí kò tíì là.
A gbójú sókè wò ó, a fi í sílẹ̀.