Kọ́bọ̀ Kan ní Táńkẹ̀

Mẹ́ta ni wọ́n. Wọ́n dé lọ́jọ́ Ajé,
ìwé-ẹ̀rí nínú ọ̀rá, kí òjò má baà pa á:
Háfíìsì ọmọ Pàkátà, Oyèwùmí ará Òró,
Sálímọ́tù tó wọkọ̀ láti Ìdófíán kí ilẹ̀ tó mọ́,
eruku ọ̀nà ṣì wà létí híjáàbù rẹ̀.
Ọ́fíìsì wa kò ju yàrá méjì lọ, lókè ilé olóògùn;
bí jẹnẹrétọ̀ ìsàlẹ̀ bá ń ké, àga á máa gbọ̀n.

Mi ò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n kà.
Ìyá ìyá mi mọ ìkòkò ní Dàda,
kò sì bi ìkòkò kan rí pé amọ̀ ibo ni ọ́.
Bó bá ti inú iná jáde, tó tutù,
á fi oríkèé ìka kàn án nídìí, á dẹtí.
Èyí tó bá dún gbìn-ín, ó di tọjà.
Èyí tó bá dún pàkọ̀, a fọ́ ọ,
àpáàdì rẹ̀ ladìyẹ fi ń mumi.

Mo gbé iṣẹ́ kan kalẹ̀:
ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn,
tí kọ́bọ̀ kan ń jábọ́ nínú rẹ̀ lóṣooṣù.
Èmi ni mo ti kòkòrò náà bọ̀ ọ́ lálẹ́ Sátidé,
bí ẹni ń fi òkúta sínú ẹ̀wà.
Mo ní, "Ẹ wá a. Ẹ ní títí di Alásárì."

Ọwọ́ Háfíìsì yá, bí ọwọ́ ahunṣọ àdúgbò rẹ̀.
Ó bi ẹ̀rọ léèrè, ẹ̀rọ dá a lóhùn,
kí tíì mi tó tutù ó ní, "Àǹtí, ó ti tán."
Mo wò ó: ó kàn ń fi kọ́bọ̀ kan kún un nísàlẹ̀ ni,
bí ẹni fi ọṣẹ dí táńkì tó ń jò.
Mo fi ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kún iye wọn,
ọṣẹ yọ́.
Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in.

Oyèwùmí kò tilẹ̀ wá kọ́bọ̀.
Ó ní ilé náà kò dára, ó wó o látìpìlẹ̀,
ó ń kọ́ òmíràn, fèrèsé rẹ̀ wuyì,
ọjọ́ rọ̀, kò tíì sí ilẹ̀kùn.

Sálímọ́tù kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà.
Ó fa ìlà sínú ìwé, ó ń kọ orúkọ ènìyàn,
ẹni tó dá ẹgbẹ̀rún, ẹni tó yá ẹgbàárùn-ún.
Ó bi mí: "Ta ló ń pàdánù kọ́bọ̀ yìí?"
Mo ní, "Kò sẹ́ni. Ìdánwò ni."
"Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà, mà."
Iná lọ. Ínfátà ké. Kò gbórí sókè.

Ládàánì ti ń pèrun nígbà tó dìde.
"Mo rí i. Ìlà kejìlélógójì."
Mo mi orí; ibẹ̀ ni mo fi í sí.
"Ṣùgbọ́n ìkejì wà."

Èmi ò fi ìkejì síbẹ̀.

Ó fi bírò tọ́ka sí i:
ẹni tó bá jẹ gbèsè wọ Fẹ́búárì
ń san èlé ọjọ́ méjì tí kò sí lórí kàlẹ́ńdà.

Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Kì í ṣe ìdánwò.
Ọdún mẹ́ta ni ìlà yẹn ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀fà, ní Àjàṣẹ́,
lórí owó àwọn olùkọ́ tí kò mọ̀ mí.
Orúkọ mi wà lókè rẹ̀, àti ọjọ́ tí mo kọ ọ́,
alẹ́ kan tí mo ń sáré, tí mo gbọ́ tó dún gbìn-ín.

Mo wá rántí pé Ìyá Dàda kì í dá kan tirẹ̀.
A ké sí obìnrin ilé kejì kó wá bá òun kàn án;
ó ní etí ẹni tó mọ ọ́n máa ń ṣègbè.

Mo pe akọ̀wé ẹgbẹ́ ní Àjàṣẹ́. Fóònù ń dún, kò gbé e.
Sálímọ́tù ní, "Mà, ṣé mo yege?"
Mo ń ṣírò ọjọ́ méjì, ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn,
Fẹ́búárì mẹ́ta.
Mi ò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kíní.