Ìkànìyàn ní Ìdí-Ọsàn

Wọ́n rán mi láti Òṣogbo, kí n lọ ka èèyàn Aba Ìdí-Ọsàn.
Ọ̀kadà gbé mi dé ibi tí ọ̀dà ti tán,
ẹsẹ̀ mi ló parí ìyókù.

Ilé mọ́kànlá.
Ẹ̀rọ omi kan, apá rẹ̀ ti kán.
Baálẹ̀ Làmídì ní, "Akọ̀wé, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."
Mo ní bí a ò bá kà yín, wọn ò ní fún yín ní nọ́ọ̀sì.
Ó wo ẹ̀rọ omi títí.
Ó ní, "Ó dáa. Máa kọ ọ́."

Ìyá Asímáwù ka mẹ́fà fún mi:
Asímáwù tó wà nílé ọkọ n'Ílobù,
Múnírù tó gba ọ̀nà Líbíyà lọ,
Sàlámọ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ n'Ígbọ̀nà,
àwọn ìbejì tí kì í tẹ̀ ẹ́ láago mọ́,
àti Ràfíù,
tí wọ́n sin sẹ́yìnkùlé lójò èṣí.

Fọ́ọ̀mù ní: ta ló sùn síbí lóru àná?
Ó ní, "Gbogbo wọn ló sùn síbí.
Èmi nìkan ni mi ò sùn."

Mo kọ ẹyọ kan.

Mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mo kó padà sọ́fíìsì.
Nọ́ọ̀sì ò tíì dé ibẹ̀.
Lóru, bí oorun bá kọ̀ mí,
mẹ́fà ni mo máa ń kà.