Ibi Tí Ó Ti Ń Jò

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ omi ẹ̀rọ ní Abẹ́òkúta.
Mo mọ páìpù Ìtòkò bí mo ṣe mọ iṣan ọwọ́ mi.
Bí omi bá lọ́ra ní Adátán, ma dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì,
ma fi etí lélẹ̀, ma sì sọ fún ọ pé
ẹsẹ̀ mẹ́ta sí gọ́tà yẹn, ibẹ̀ ló ti ń jò.

Èyí tí kò ní páìpù wá ńkọ́?
Èyí tí ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá, tí kì í fẹsẹ̀ tẹlẹ̀?

Kóyinsọ́lá pè láti Hálífásì lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì.
Ó ní, "Bàbá, mo fẹ́ —"
ojú rẹ̀ bá dì sára gíláàsì bí ẹja inú yìnyín,
ẹnu ní ṣíṣí, ọwọ́ kan lókè.
Àmì róbótó kan ń pòòyì, ó ń pòòyì níwájú orí rẹ̀.
Mo jókòó tì í títí fóònù fi kú.

Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ ra ìkejì." Mo ra ìkejì.
Ráútà kan ní pálọ̀, lórí tẹlifíṣọ̀n,
ìkan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù onírin.
Orúkọ kan náà ni mo sọ àwọn méjèèjì,
bí ìbejì tí a kò pè ní Táyé, tí a kò pè ní Kẹ́hìndé.
Mo rò pé ẹṣin méjì á sáré ju ẹṣin kan lọ.
Wáífáì wá falẹ̀ ju ti àná!
Bí mo bá gun òkè, fóònù mi á ṣì rọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀,
bí ọmọ tí a fẹ́ já lẹ́nu ọmú.

Mo pa á, mo tàn án. Mo pe iléeṣẹ́ wọn:
obìnrin kan ní kí n tẹ oókan, kí n tẹ eéjì,
ó fi orin dùùrù sí mi létí fún ogójì ìṣẹ́jú.
Mo bú ògiri tí baba baba mi mọ,
amọ̀ àti òkúta, ó nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ méjì.
Ó mọ ọ́n nítorí ogun.
Ogun ti lọ, ògiri ò gbọ́.

Ọmọ Ṣógbèsan onífọ́tò ló wá wò ó.
Kò gbé irinṣẹ́ kankan dání ju fóònù rẹ̀ lọ.
Ó ní, "Bàbá, ọ̀nà kẹfà ni àwọn méjèèjì ń gbà,
ti aládùúgbò márùn-ún sì tún wà níbẹ̀.
Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni yóò gbọ́?
Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn méjèèjì ló ń pín nọ́ńbà ilé."

Nọ́ńbà ilé!
Mo dìde lórí àga.
Ta ló fẹ́ kọ́ mi ní ìyẹn?
Lọ́dún tí wọ́n rán akọ̀wé méjì lọ kọ nọ́ńbà sára ilé ní Ìgbẹ̀in,
ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ìkejì láti ìsàlẹ̀,
ojúlé kejìlá di méjì:
opó kan ń san owó omi tí kò mu,
ọlọ́tí kan ń wẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ọdún méjì gbáko.

A pa ẹnu ìkejì mọ́: máa gbé ọ̀rọ̀, má pín nọ́ńbà mọ́.
A lé e lọ sí ọ̀nà kọkànlá,
a gbé e kúrò lẹ́yìn irin.
Ó ku wáyà tí yóò so wọ́n pọ̀. Ihò wo ni yóò gbà?
Mo rẹ́rìn-ín.
Ihò páìpù àtijọ́ kan wà tí mo fọwọ́ ara mi lu,
kí omi tó kọ̀ láti máa gun òkè wa.
Wáyà búlúù gba ibẹ̀ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Lálẹ́, Kóyinsọ́lá yọ. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere,
mo rí àpá ibi tó ti ṣubú lórí àpáta nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin.
"Kí lo fẹ́ sọ lọ́jọ́sí?"
Ó ronú. Ó ní, "Mo ti gbàgbé, Bàbá."
A ń wo ara wa. Ó ń fọ abọ́.
Mo fi etí lélẹ̀.
Tó. Tó. Tó.
Mo ní, "Ẹ̀rọ omi ọwọ́ ọ̀tún rẹ yẹn,
rọ́bà inú rẹ̀ ti jẹ. Ó ń jò."