Èjìká Òsì

Wọ́n ya fọ́tò egungun mi ní Brandon,
wọ́n ní kò sí nǹkan kan.
Dókítà kọ oògùn, mo lò ó tán,
èjìká òsì ṣì gan bí ẹran tó ti di yìnyín
lórí ìkọ́, níléeṣẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ tí mo ti ń fi ọ̀bẹ jẹun.

Ni wọ́n bá darí mi sọ́dọ̀ Marlene,
obìnrin onírun funfun, ìbọ̀sẹ̀ nìkan lẹ́sẹ̀,
tí kì í kánjú.
N kò rí bẹ́ẹ̀dì, n kò rí abẹ́rẹ́.
Àga méjì, kúbùsù kan,
fèrèsé tó kọjú sí odò tí òtútù ti dí lẹ́nu.

Ó ní, "Kí ló dé?"
Mo ní bàbá mi kú, ó ti pé ọdún méjì, mo ti gbàgbé.
Ó ní, "Níbo lára rẹ lo ti gbàgbé rẹ̀?"

Ẹ gbọ́ ìbéèrè!
Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín dé ọ̀fun, ó há.
Mo wá èsì lédè òyìnbó, n kò rí;
mo yà sílé, mo bá a lẹ́nu ìyá mi:
inú ní í bàjẹ́, àyà ní í já,
ojú ní í tini, ọkàn ní í dàrú.
Ìyá mi kò mọ ìbànújẹ́ kankan tí kò nílé nínú ara.
Èmi ni mo wọ bàálù tí mo pín ara mi sí méjì:
mo gbé eegun lọ síbi iṣẹ́,
mo fi ẹkún sílẹ̀ nínú fóònù.

Inú fóònù náà ni wọ́n ti sin bàbá mi.
Ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yàrá oúnjẹ.
Ládélé gbé kámẹ́rà sókè ní Igbájọ, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.
Mo ka àwọn tó gbé pósí: àwọn àbúrò mi márùn-ún,
àti ọmọ aládùúgbò kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀,
níwájú, lápá òsì.
Àyè mi nìyẹn.
Nẹ́tíwọọ̀kì já. Aago dún.
Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo padà sídìí ẹran.

Marlene kò sọ pé pẹ̀lẹ́.
Ó ní kí n fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa,
kí n jẹ́ kí èjìká ṣe ohun tó bá ń wù ú.
Mo rò pé eré ọmọdé ni.
Àfi bí èjìká ṣe gbéra, díẹ̀, díẹ̀,
bí ẹni tí wọ́n ń pè láti òkèèrè.
Apá tẹ̀lé e. Àtẹ́lẹwọ́ ṣí sókè.
Láti ọdún méjì ló ti wà lórí ìdúró,
ó ń retí ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò gbé lé e.

Ó ká kúbùsù, ó bi mí léèrè kó tó gbé e lé mi.
Kúbùsù lásán, kò wúwo tó ọmọ ọwọ́,
orúnkún mi fẹ́ yẹ̀.
Mo gbé e láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án,
mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́ẹ́.
N kò sunkún. Mo gbọ̀n, eyín ń lu eyín,
lẹ́yìn náà mo yán, mo tún yán,
bí ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí nínú oòrùn.

N kò ní purọ́ fún yín pé ó ti tán.
Lọ́jọ́ Tọ́sìdé, mo ń padà lọ.
Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jáde, yìnyín ti bo mọ́tò mi,
mo sì ti ha ìdajì gíláàsì rẹ̀
kí n tó rí i pé ọwọ́ òsì ni mo fi ń ha á.