Ọjọ́ Kan ní Lọ́kọ́ja

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni mo so métí ìró.
Ọkọ̀ Kàbà gba méjì kí ìrì tó gbẹ;
méjì ni ti àbọ̀, n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.
Bọ́dúndé jókòó lé mi lẹ́sẹ̀, kò san kọ́bọ̀.

Ọlọ́kadà ní ẹgbẹ̀rin ni dé orí Òkè Pátì.
Ẹsẹ̀ la fi gùn ún.
Ẹ̀ẹ̀mẹta la sinmi;
ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo díbọ́n bí ẹni tó ń wo ẹyẹ.

Odò méjì wà nísàlẹ̀, ọ̀kan pọ́n, ọ̀kan ṣú,
wọ́n pàdé, wọn ò tètè dà pọ̀,
bí ìyàwó tuntun àti ìyá ọkọ.
“Ìyá àgbà, èló ni wọ́n ń gbà ká tó wò ó?”
“Ọ̀fẹ́ ni.”
Ó tún un wò, ó la ojú sí i.

Níbi ibojì àwọn òyìnbó, koríko ti jẹ orúkọ.
Ẹ̀ṣọ́ ní ibà ló pa ọ̀pọ̀ wọn, ọmọdékùnrin ni wọ́n.
Ta ló sọ fún àwọn ìyá wọn?
Kò mọ̀. Mo bu iṣu sísun wa fún un.

Ẹja létí odò: a gbóòórùn rẹ̀, a kọjá.

Ní gáréèjì, ẹnìkan ní “Ọ̀kún o!”
inú mi ti délé ṣáájú ọkọ̀.
Bọ́dúndé sùn, ó di òkúta òkè kan mọ́wọ́,
òkúta náà ń làágùn.